Èèkàn Mi Létí Òkun

Òjò tí ó rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò bú, kò sì sán àrá. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní ibi kan pàtó tí ó ń lọ. Ojú ọ̀run wálẹ̀ débi pé a kò rí òkè tí ó wà lẹ́yìn Lokogoma, ní Àbújá níbí, mọ́. Afẹ́fẹ́ tutù, òórùn ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà ló sì ń gbé kiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, omi ti kún ojú ọ̀nà ẹ̀sìtéètì wa, ó ti bo táyà mọ́tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ ká ṣòkòtò sókè, wọ́n dúró sórí bákónì wọn, wọ́n ń wo omi náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò jókòó tí kò sì lọ.

Èmi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lórí àpótí tí mo fi ń já ẹ̀fọ́. Omi ń gbá ara ògiri ọgbà wa. Pàá, á fà sẹ́yìn. Pàá, á tún padà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá kan tí ń wọ́ kọjá lójú títì ló ń ti omi náà wá. Ṣùgbọ́n etí mi kò bìkítà fún ọkọ̀ ńlá. Ohun tí etí mi kọ́kọ́ gbọ́ láyé ló ń gbọ́, mo sì dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹ̀fọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dàgbà sí Àbújá yìí, omi tí ẹ mọ̀ ni èyí tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, àti èyí tí àwọn mẹ́rúwà ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri nínú kẹ́ẹ̀gì. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilẹ̀ ti pin, tí omi ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tán mọ́. Orí òpó ni ilé wa dúró lé. Bí omi bá kún, abẹ́ ibùsùn wa ló máa ń gbà kọjá, a ó sì máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Láti ilé kan dé èkejì, afárá pákó ni. Pákó náà máa ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ. Nítorí pé mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí n má baà ṣubú, Ìbídùn ọ̀rẹ́ mi sọ mí ní Akàn, ó sì mọ́ mi lára títí di òní. Òun ní tirẹ̀, eré ló máa ń sá lórí pákó. Á ṣubú, á dìde, á tún sáré. Eékún rẹ̀ kò jinná rí ní gbogbo ìgbà èwe wa.

N kò ní dárúkọ ìlú náà fún yín. Orúkọ gbọ́dọ̀ rí nǹkan dúró lé lórí.

Ní ìpẹ̀kun ìlú, lórí òkìtì iyanrìn kan, ni ojúbọ Málòkun wà, ẹni tí àwọn ará òkè ń pè ní Olókun. Bí ẹ bá ń retí ilé ńlá, ẹ ó já kulẹ̀. Òpó igi ẹ̀gbà ni, igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ta sókè bí ẹsẹ̀ alákàn. Imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé rẹ̀. Kò ní ògiri ní ìhà òkun, kí ẹni tí ó ni ilé lè wọlé nígbà tí ó bá wù ú. Ìyá àgbà kan ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ìye ni gbogbo ìlú ń pè é, bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kì í sì pariwo. Bí ó bá fẹ́ bá ọmọdé wí, ńṣe ni yóò kàn wò ó títí ọmọ náà yóò fi rántí ohun tí ó ṣe.

Àárọ̀ tí òkun bá fà sẹ́yìn ni a máa ń lọ. Àwọn tí ó ní bàtà á bọ́ bàtà. A ó fi omi òkun ṣan ẹsẹ̀ àti ọwọ́, a ó sì bù ú sẹ́nu, a ó fi ṣan ẹnu, a ó tu ú. Iyọ̀ náà kì í jẹ́ kí ọmọdé lè rojọ́ fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbà pé ìdí tí àwọn àgbà fi dá a sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà náà ni a ó pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, kí onílé mọ̀ pé a dé. Ìye á gbé àgbọn àti ìrèké àti ẹ̀kọ funfun sílẹ̀, á sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, á sì pín èyí tí ó kù fún wa. Nítorí ìrèké yẹn ni èmi àti Ìbídùn ṣe máa ń dé ṣáájú gbogbo ènìyàn.

Bí a bá ń padà, a kì í kẹ́yìn sí òkun. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni tọmọdé tàgbà máa ń rìn títí a ó fi dé ìdí igi àgbọn kan, níbi tí a ti lè yíjú. Ẹ rò ó wò, odidi ìlú ń rìn sẹ́yìn, ìyàwó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn bàbá pẹ̀lú agbádá. Lọ́jọ́ kan mo fi ẹ̀yìn rìn wọnú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja tí Ìye gbé kalẹ̀ láti fi jẹ púpurú. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní alákàn tí kò mọ ẹ̀yìn rìn, inú ọbẹ̀ ni yóò ti bá ara rẹ̀. Ìye ńkọ́? Ó kàn wò mí.

Iyọ̀ a máa jẹ igi. Bí òpó ojúbọ bá ti ń rọ̀, wọn kì í lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tú ilé náà palẹ̀ pátápátá, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé igi tuntun kan wá, wọ́n á sì tún un kọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kò ga ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì kéré sí i. Bí òkun bá ti sún mọ́, àwọn náà á sún un sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà náà, ilẹ̀ wà lẹ́yìn tí wọ́n lè sún un sí.

Ẹ̀yìn ojúbọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọgbà èèkàn ni a ń pe ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kúrò nílùú lọ gbé ibòmíràn, yálà ọkọ ló ń fẹ́ tàbí iṣẹ́ ló ń wá lọ, yóò gé igi ẹ̀gbà tí ó ga dé ìgbáròkó rẹ̀, yóò gé àmì ilé wọn sí i lára, yóò sì gún un mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹrà, àwọn ará ilé á gún tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́, kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo rárá. Nígbà tí o bá wá kí ilé, èèkàn rẹ ni wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí o tó kí ìyá tó bí ọ. Bí o bá sì kú sí ọ̀nà jíjìn, a ó fà á tu, a ó fi fún òkun. A gbà pé òkun yóò lọ mú ọ wálé níbikíbi tí o bá wà. Nítorí náà, a kì í fa èèkàn alààyè. Ẹni tí ó bá fà á ti sin ẹni náà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé àwọn abọ̀rìṣà nìkan ló ń ṣe é. Sùtánà funfun ni a máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Wòlíì wa pàápàá ní èèkàn níbẹ̀, nítorí pé ó ti gbé Èkó rí. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní Ọlọ́run mọ ibi tí òun ti wá, òkun ni òun ń rán létí.

Ìjì kan jà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó gbé èèkàn àbúrò bàbá mi lọ, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ igi ní Sàpẹlẹ. Ta ni yóò tún máa bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀? Òkun ti mú un. A sunkún, a fárí, a se ìrẹsì, a jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òkú wa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú rédíò léjìká, orin ń jáde nínú rẹ̀. Afárá fẹ́ wó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sá. Ìye nìkan ni kò sá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un lọ sí ojúbọ, ó wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun, ó sì ní kí ó gún èèkàn mìíràn, nítorí pé títí yóò fi gún un, òkú ni. Nígbà tí ó gún un tán, àbúrò bàbá mi bèèrè bóyá ìrẹsì òkú rẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ tẹ̀lé ọkọ mi, tí ó jẹ́ káfíńtà, lọ sí òkè, Ìbídùn ló bá mi di igi mú. Mo fi òkúta lu igi náà, mo lu ìka rẹ̀ mọ́ ọn, ó bú mi, a rẹ́rìn-ín, a sì sunkún. Mo bi í pé ta ni yóò máa tún un gún fún mi bí ó bá jẹrà.

“Èmi ni,” ó wí. “Níbo ni mò ń lọ?”

Kò sì lọ síbì kankan. Ọkọ tí ó fẹ́, ará ìlú ni. Nígbà tí Ìye kú, òun ni wọ́n fi sípò rẹ̀, ọmọ tí ń sáré lórí pákó yẹn, wọ́n wá ń pe òun náà ní Ìye. Èmi bí ọmọ, mo sin ọkọ, mo dàgbà. Tọ́pẹ́, àbígbẹ̀yìn mi, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ó bímọ, ó sì ní kí n wá bá òun gbé ní Àbújá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Lokogoma, tí mo ń ra ẹja inú yìnyín ní ọjà Wuse, ẹja tí ojú rẹ̀ ti funfun bí ìgbà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kùn ún.

Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ bí ìlú wa ti ń tán. Ìbídùn á pè, á kọ́kọ́ bi mí bóyá alákàn ti mọ ẹ̀yìn rìn. Lẹ́yìn náà, á sọ èyí tí òkun tún mú. Ó ti mú ilé ẹ̀kọ́. Ó ti mú igi àgbọn, a kò mọ ibi tí a ti lè yíjú mọ́. Ó ti mú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jọ́sìn ní ilé wòlíì. Ó ti mú itẹ́ òkú. Ìyá mi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a gbé fóònù sétí, a kàn ń jó owó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, á ní, “Tìrẹ ṣì wà. Mo gún tuntun.”

Ohun kan ṣoṣo tí mo wá fẹ́ láyé ni kí n lọ fọwọ́ kan igi yẹn kí n tó kú. Mo di báàgì kan sí abẹ́ ibùsùn: aṣọ funfun fún ojúbọ, sílípáàsì rọ́bà, ìborùn. Tọ́pẹ́ kì í ṣe ọmọ burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀nà Lọ́kọ́já ń bà á lẹ́rù nítorí àwọn ajínigbé. Iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ó ráyè. Pásítọ̀ rẹ̀ náà ti wàásù nípa àwọn tí ń wẹ̀yìn wo òrìṣà ilé baba wọn. Lọ́jọ́ tí mo tẹnu mọ́ ọn jù, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Igi lásán ni, Màámi.” Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó dùn mí.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ wọn rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Japan. Ó lọ gba físà ní Maitama, ó fò lọ, ó fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ojúbọ àwọn ará ibẹ̀, létí òkun. Ẹnu ọ̀nà pupa gàgàrà kan dúró sínú omi, kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn, òkun ń gbà á kọjá. Nígbà tí ó dé, ó jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ fi igbá kékeré ọlọ́wọ́ gígùn bu omi ṣan ọwọ́. Mo ní wọ́n sì fọ ẹnu. Ó ní, báwo ni mo ṣe mọ̀? Ó ní wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo ní kí onílé lè mọ̀ pé wọ́n dé. Ó ní afinimọ̀nà wọn sọ pé a rí lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń tú palẹ̀, tí wọ́n á tún un kọ́ pẹ̀lú igi tuntun gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Mo ní kí ó fi èyí tí ó kàn hàn mí. Nínú àwòrán tí ó kàn, Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló tẹrí ba níbẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ sì balẹ̀.

“Ta lò ń kí níbẹ̀?” mo bi í.

“Ìgbafẹ́ lásán ni, Màámi.”

“O kí i dáadáa.”

Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀ ó ní bí òun bá gba ìsinmi ní Oṣù Kejìlá, òun yóò mú mi lọ. Mo pe Ìbídùn, mo sọ fún un. Ó ní òun yóò sọ fún òkun kí ó ṣe sùúrù.

Oṣù Kejìlá kò tíì sún mọ́ nígbà tí òjò ọjọ́ náà rọ̀. Mo ṣì di ọ̀bẹ mú lórí ẹ̀fọ́ nígbà tí fóònù dún. Tọ́pẹ́ wà lẹ́yìn mi, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, kò rí ọ̀nà jáde. Mo gbé fóònù sétí, n kò sì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ènìyàn. Pàá, á fà sẹ́yìn. Pàá, á tún padà. Ohun kan náà ní etí méjèèjì.

“Akàn.” Ó ń mí gúlegúle. “Òkun ti wọ ojúbọ. Òrùlé ti lọ. Àwọn èèkàn ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tìrẹ ni mo dì mú yìí.”

“Omi dé ibo lára rẹ?”

“Kí n fà á? Bí mo bá fà á, mo ti sin ọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, òkun mú ọ. Ìwọ ni kí o sọ, n kò lè dá a ṣe.”

“Ìbídùn, omi dé ibo lára rẹ?”

“Àyà.”

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tí ń pe Ìye, Ìye, kí ó wá wọ ọkọ̀. Mo mọ Ìbídùn. Mo mọ ọmọ tí ń sáré lórí pákó. Bí mo bá ní kí ó fà á, yóò máa bá igi náà jà nínú omi, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló gún un, ó sì gún un jinlẹ̀. Bí mo bá ní kí ó dì í mú, yóò dì í mú. Nígbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé n kò ní sọ láyé.

“Igi lásán ni,” mo wí. “Fi í sílẹ̀. Lọ wọ ọkọ̀.”

Òkun ni mo ń gbọ́.

“Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?”

“Èmi kò ní.” Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Níbo ni mo lọ rí? Òní ni mò ń kúrò nílùú, Akàn, kò sì sí ilẹ̀ tí n ó gún un sí.”

Fóònù kú. Mo wẹ̀yìn, mo rí Tọ́pẹ́ tí ó dúró lójú kan náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé Ọlọ́run tóbi, kò sì sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú nínú ẹ̀fọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a, kò já a dáadáa. Nígbà tó yá, ó ní, “Oṣù Kejìlá ni mo sọ, Màámi.” Mo ní mo gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ Ìbídùn pè láti Igbókòdá, níbi tí ọkọ̀ gbé wọn lọ, pé ìyá òun dé, pé kò sì jẹun. Mo ní kí ó fún un ní omi gbígbóná.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kù. Àwọn ará Japan ń tún tiwọn kọ́, ó sì dára, inú mi dùn sí wọn. Àwa náà mọ̀ ọ́n kọ́, ọwọ́ wa kò gbàgbé. Ilẹ̀ ni kò sí. Àgbà tí kò bá ní ibi tí yóò mú ọmọ lọ, tí yóò sì wí fún un pé, “Ibí ni,” ẹnu lásán ló ń là. Mo ṣì máa ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí omi, àní nílé ìwẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ mi a sì máa rẹ́rìn-ín. Èyí ló kù. Bí mo bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ní ìṣirò ìlú wa, mo ti lọ ná, nítorí pé òkun ti mú èèkàn mi. Àbúrò bàbá mi ní ibi tí ó ti padà di alààyè. Èmi kò ní.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn yọ. Omi fà, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Mo fa báàgì yọ lábẹ́ ibùsùn, mo tú u. Mo wọ sílípáàsì rọ́bà náà, mo sì gbá ẹrẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé títí dé ẹnu géètì. Mo fọ aṣọ funfun náà, mo sá a, nígbà tí ó gbẹ mo ká a, mo gbé e fún Tọ́pẹ́, mo ní kí ó tọ́jú rẹ̀, òun ni kí wọ́n fi wé mi. Ó gbà á, kò lè wò mí lójú. Mo ní kí ó bèèrè níbi iṣẹ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń ra ilẹ̀ ìsìnkú ní Àbújá yìí.

“Irú èwo, Màámi?”

“Èyí tí ó bá ga,” mo wí. “Wá ibi tí ó ga fún mi.”